Ohun Tó Wà Lókè Orí Wa ní Kétu, àti Bí Fòònù Ṣe Lè Sọ Ọ́ fún Wa

Ní oṣù keje ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fòònù ẹnì kan bọ́ sórí ti ẹlòmíràn, ó sì dé Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, gbogbo ayé yóò ṣókùnkùn biribiri fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, irú rẹ̀ kò sì ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ títí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan ní àmì ìgbà ìkẹyìn ni. Ọjọ́ náà pé, ilẹ̀ mọ́ bó ṣe máa ń mọ́, àwọn ìyá wa sá gbàgúdá wọn, ilẹ̀ ṣú nígbà tó yẹ kó ṣú. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, ẹni tí ìkùukùu kò dí lójú rí òṣùpá tó ti pupa kó tó yọ. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ti kárí ìlú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Èyí tó rí bẹ́ẹ̀, ta ló fi ránṣẹ́ sí wa?

Bẹ́ẹ̀, àlàyé méjèèjì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́, pẹ̀lú aago, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wa sẹ́yìn ni àwọn nọ́ḿbà àti orúkọ tí à ń bá pàdé níbẹ̀. Wọn ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: níbo ni wọ́n ti ń rí i, aago mélòó ni wọ́n sì ń rí i? Ojú ọ̀run kò rí bákan náà níbi gbogbo. Iṣẹ́ WhatsApp tí kò bá dáhùn ìbéèrè méjì yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Kí là ń pè ní ìràwọ̀?

Nǹkan mẹ́rin ni àwa ń pè ní ìràwọ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ìràwọ̀ gidi ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun ló kàn sún mọ́ wa. Àwọn yòókù jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé oòrùn ní ìsúnmọ́ ń lo ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Plánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń yí oòrùn po bí ayé wa ṣe ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bà lé e la sì ń rí. Márùn-ún ni ojú lásán lè rí: Mercure, Vénus, Mars, Jupiter àti Saturne, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Vénus yẹn ni Àgùàlà tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn, tí wọ́n ṣebí ajá oṣù ni. Ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ. Nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ wà láàárín tiwa àti oòrùn, kì í jìnnà sí oòrùn rárá: bó ti wù kó pẹ́ tó, kì í ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kí òun náà tó wọ̀, tàbí kó jẹ́ òun ló ṣáájú oòrùn yọ ní ìdájí. Ẹni tó bá ní òun rí Àgùàlà ní aago méjìlá òru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jupiter ló rí.

Ẹ̀kẹta ni sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí èèyàn jù sókè láti máa yí ayé po. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a máa ń sọ pé ìràwọ̀ já. Kò sí ìràwọ̀ kankan tó já. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà kò ju ẹyọ iyanrìn lọ, tó sáré wọ inú afẹ́fẹ́ ayé tó sì jóná síbẹ̀.

Níbo ni ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ti wá?

Irọ́ náà ní ìdí. Ọ̀sán yóò dòru lóòótọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ti ọdún 2027 ni. Òṣùpá ni yóò gba àárín àwa àti oòrùn kọjá, òjìji rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí ilẹ̀. Òjìji ọ̀hún kì í bo gbogbo ayé. Èyí tó ṣókùnkùn pátápátá nínú rẹ̀ kò ní í fẹ̀ ju nǹkan bí 260 kìlómítà lọ, yóò sì máa sáré láti gúúsù Sípéènì gba Mòrókò, Àlgéríà, Tùnísíà, Líbíyà àti Íjíbítì kọjá lọ sí Saudi Arabia, Yemen àti Sòmálíà. Nítòsí Luxor ní Íjíbítì ni yóò ti pẹ́ jù: ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélógún. Títí di ọdún 2114, òmíràn kò ní í pẹ́ tó o. Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó kọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Ó mú ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó mú ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sọ 2027 di 2025, ó sì sọ Luxor di gbogbo ayé. Ibi àti àkókò gan-an ló bà jẹ́.

Kétu kò sí lójú ọ̀nà òjìji ti 2027 yìí. Èyí tó gba ilẹ̀ Benin kọjá ni ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, tó ti Ghana àti Togo wọlé wá, tó sì bọ́ sí Nàìjíríà. Ẹni tó ti gbọ́n nígbà náà yóò rántí.

Tó bá jẹ́ òṣùpá ni òjìji ayé bò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gbogbo ibi tí òṣùpá bá ti wà lókè ni wọ́n ti ń rí i, kò sì léwu fún ojú. Ohun tó ń mú un pupa ni ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó yọ́ gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá kó tó bà á. Pupa ló ń ṣẹ́kù nínú ìmọ́lẹ̀ náà lẹ́yìn ìrìn yẹn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025, òjìji ti bo òṣùpá tán láti aago 18:30 ní aago Benin, nígbà tí kò tíì yọ lọ́dọ̀ wa. Ó wà nínú òjìji nígbà tó ń yọ lápá Ìlárá, níhà ìlà oòrùn wa, aago 19:52 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìkànnì tí wọ́n ti ń wo irú èyí ni timeanddate.com. Ẹ tẹ Porto-Novo síbẹ̀. Kétu kò jìnnà sí i débi tí yóò fi ṣini lọ́nà. Yóò to gbogbo èyí tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú aago tiwa. Ọjọ́ tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń pariwo ọjọ́ náà máa pariwo nìṣó. Ti oòrùn nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ má fi awò dúdú lásán wò ó, ká má tilẹ̀ sọ awò tó ń fa nǹkan jíjìn mọ́ra. Èyí tí wọ́n ṣe fún un, tó ní àmì ISO 12312-2 lára, nìkan ni.

Ìlà iná tó ń rìn lójú ọ̀run ńkọ́?

Iná bí ogún, bí ọgbọ̀n, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ, wọn ò dún, wọn ò ṣẹ́jú, wọ́n á sì pòórá láàárín ọ̀run. Starlink ni. Sátẹ́láìtì tí ilé iṣẹ́ SpaceX ti Amẹ́ríkà ń jù sókè láti fi pín íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, wọ́n sì ti ń tà á ní Benin láti 2023. Ọgọ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ jù sókè pa pọ̀ ní oṣù karùn-ún 2019. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, wọ́n á ṣì sún mọ́ra; láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á tú ká, ẹ ò sì ní í rí ìlà mọ́.

Wọn kò gbé iná dání. Ẹ wo igi ìrókò tó wà létí oko nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀: ìdí rẹ̀ á ti ṣú, orí rẹ̀ á ṣì máa rí oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì. Ilẹ̀ ti ṣú fún àwa tí a wà nísàlẹ̀, òun tó wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà lókè ṣì ń yáná oòrùn. Ìgbà tó bá kó sínú òjìji ayé, á kú lójijì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ìdájí, tí a kì í fi í sábà rí wọn láàárín òru.

Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo sátẹ́láìtì ní èèyàn nínú. Station spatiale internationale ni, ISS. Ó ga tó nǹkan bí 400 kìlómítà, ó ń sá eré nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré ló sì fi ń yí ayé po. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2000, kò tíì sí ọjọ́ tí èèyàn kò sí nínú rẹ̀. Ìkànnì Heavens-Above àti áàpù tí NASA, àjọ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà, ń pè ní Spot the Station yóò sọ alẹ́ tó ń gba òkè yín kọjá.

Wọ́n ní kí n wòkè, mo wòkè, n kò rí nǹkan kan. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á tì. Ìkànnì ò parọ́ fún wọn, ojú wọn ò sì ní àrùn. Ibi ni wọn kò sọ. Heavens-Above, bí ẹ kò bá sọ ibi tí ẹ wà fún un, yóò kà yín sí ẹni tó dúró níbi tí nọ́ḿbà rẹ̀ lórí àwòrán ayé jẹ́ òdo àti òdo, ìyẹn láàárín òkun, ní gúúsù Ghana. Àwọn ìkànnì mìíràn á fojú bù ú láti ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, wọ́n á gbé yín lọ sí Cotonou. Ní ẹ̀bá ibodè, tí fòònù bá gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà mú, ẹ lè bá ara yín ní Lagos. Ẹ kọ Kétu síbẹ̀ fúnra yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ nọ́ḿbà: 7.36 àríwá, 2.61 ìlà oòrùn. Ẹ fi àmì ìdánudúró sí i o, ẹ má fi virgule tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé Faransé. 7,36 lè dà á láàmú.

Aago ló tẹ̀ lé e. UTC tí ẹ ń rí ni aago tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Benin fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní 19:10 UTC, 20:10 ni tiwa. Ẹ má fọkàn tán aago Faransé tí ìkànnì Faransé ń lò: ní ìgbà òtútù wọn, tiwọn àti tiwa dọ́gba, tó bá di ìgbà ooru wọn, wọ́n á fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹni tó jáde síta lẹ́yìn wákàtí kan yóò bá ọ̀run tó ti yí padà, ISS ní tirẹ̀ kì í sì í ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà lọ lókè kó tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. "Altitude 40°" kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kìlómítà. Òdo ni ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀, 90 ni àtàrí gan-an. Ẹ na apá síwájú tán, ẹ di ẹ̀ṣẹ́: fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yẹn lójú yín tó nǹkan bí 10°. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin léra wọn láti ilẹ̀ ni 40°. Ní ti ìhà, ẹni tó bá kọjú sí Ìlárá ní Kétu ti kọjú sí ìlà oòrùn, ẹni tó bá kọjú sí Pobè ti kọjú sí gúúsù.

Èyí tó máa ń dààmú èèyàn jù ni "magnitude". Nọ́ḿbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó ni, ṣùgbọ́n èyí tó bá kéré ló mọ́lẹ̀ jù. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló fi lélẹ̀: ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù wà ní ipò kìíní, èyí tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí wà ní ipò kẹfà. Nígbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n rí i pé àwọn kan ta ipò kìíní yọ, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lóru, wà ní -1.5, Àgùàlà ń kọjá -4. Nítorí náà, bí ìkànnì bá ní sátẹ́láìtì kan yóò kọjá ní magnitude 5, tí ẹ sì wà lábẹ́ iná títì, ẹ máa sùn yín lọ.

Fún gbígbé gbogbo ọ̀run wá sójú fòònù, Stellarium ni mo yàn láàyò. Fabien Chéreau, ọmọ Faransé kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó gbọ́ Faransé, tí ẹ bá sì ti gbé e sínú ẹ̀rọ tán, kò tún béèrè forfait íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín mọ́. Èyí tó wà ní stellarium-web.org náà kò gba owó. Ti fòònù ní èyí tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti tó. Fòònù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò ní ohun tó ń mọ àríwá nínú: ẹ á gbé e sókè, ẹ á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwòrán ọ̀run inú rẹ̀ kò ní í mira. Kò bàjẹ́. Ẹ fi ìka fa àwòrán náà títí yóò fi bá ìhà tí ẹ kọjú sí mu. Kí ẹ sì tẹ ibi tó ń sọ ojú fòònù di pupa, torí ojú èèyàn ń lo nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí iná funfun fòònù bá tàn sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ohun tí àwọn òyìnbó kọ bá Kétu mu?

Kì í fìgbà gbogbo bá a mu. Wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ wá Étoile polaire, ìràwọ̀ tó ń tọ́ka àríwá. Ní Paris, ó ga ju ìdajì ọ̀run lọ. Lọ́dọ̀ wa, kò tó ẹ̀ṣẹ́ kan láti ilẹ̀, igi àti eruku ti gbé e mì. Wọ́n á ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni òru mọ́ jù. Ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń da eruku Sàhárà bò wá. Tiwa dára lẹ́yìn tí òjò bá fọ eruku kúrò lófuurufú, pàápàá ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ní, àwọn kò ní in. A sún mọ́ ìlà àárín ayé, nítorí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìràwọ̀, ti àríwá àti ti gúúsù, ló ń gba òkè wa kọjá láàárín ọdún. Ní àárín oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, bí òjò bá gbà, ẹ kọjú sí Pobè: ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe àgbélébùú wà níbẹ̀, ìyẹn Croix du Sud. Ẹ yíjú sí àríwá ní wákàtí kan náà, ẹ ó bá àwọn méje tí wọ́n ń pè ní Grande Ourse. Ará Paris kò lè rí ti àkọ́kọ́ láti ìlú rẹ̀ láéláé.

Òṣùpá tuntun náà ńkọ́? Nínú àwòrán wọn, ó máa ń dúró. Tiwa sábà máa ń dùbúlẹ̀, ìwo méjèèjì á kọjú sókè. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní àmì òjò ni, mo ti gbọ́ tí wọ́n ní àmì ogun ni. Ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé ló fà á, torí lọ́dọ̀ wa oòrùn àti òṣùpá máa ń rì lọ tààrà sílẹ̀ ni. Bí Ramadan bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àríyànjiyàn mìíràn tún dé, torí ẹnì kan ti rí "nouvelle lune" lórí fòònù, ó ní oṣù ti lé. "Nouvelle lune" ni wákàtí tí òṣùpá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Òṣùpá tí kò tíì pé nǹkan bí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ìgbà náà, ojú lásán kì í sábà rí i. Ọjọ́ tí ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn ààfáà ló wà. Wákàtí nìkan ni ìkànnì mọ̀.

Mars yóò tóbi bí òṣùpá?

Rárá. Láti 2003 ni irọ́ yìí, pé Mars yóò tóbi lójú wa bí òṣùpá, ti ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Mars sún mọ́ wa dé nǹkan bí mílíọ̀nù 56 kìlómítà, kò sì tíì sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 60,000 ọdún. Ẹnì kan kọ ọ́ pé tí a bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 75 wò ó, yóò tóbi bí òṣùpá ṣe ń tóbi sójú lásán. Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ gé awò kúrò nínú gbólóhùn náà, wọ́n gé ọdún kúrò, ó sì ń padà wá ní oṣù kẹjọ-oṣù kẹjọ.

Ṣé àwòrán aláràbarà ojú ọ̀run tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni màá rí bí mo bá ra awò?

Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1995 ni onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Robert Nemiroff àti Jerry Bonnell, ti ń gbé àwòrán kan jáde lójoojúmọ́ lórí ìkànnì Astronomy Picture of the Day, pẹ̀lú àlàyé kúkúrú lábẹ́ rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ó tún ti mú kí àwọn kan fi owó ra ìbànújẹ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán lè ṣí ojú sí ibì kan ṣoṣo fún wákàtí púpọ̀, kó máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ojú èèyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó pupa tó sì láró nínú àwòrán, eérú ni ẹ ó rí.

Páálí awò tí wọ́n kọ ×525 sí lára, ìyẹn pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 525, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹnu awò ṣe fẹ̀ tó: bí ó bá fẹ̀ ní mìlímítà 60, kò lè sọ nǹkan di ńlá ju ìlọ́po 120 lọ kó má di rúdurùdu. Bí mo bá ní owó díẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ojú méjèèjì wò, tí wọ́n kọ 10×50 sí lára, ni màá rà. Yóò fi àwọn kòtò ojú òṣùpá hàn yín, àti òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter po, àwọn kan náà tí Galileo, onímọ̀ ará Ítálì, rí ní oṣù kìíní 1610, bí ẹ bá gbé ìgbòǹwọ́ lé nǹkan kí ọwọ́ má máa gbọ̀n.

Ǹjẹ́ èèyàn lásán lè wúlò fún iṣẹ́ yìí?

Bí ẹ bá rí iná ńlá tó já gba ojú ọ̀run kọjá, International Meteor Organization ní fọ́ọ̀mù kan lórí ìkànnì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kún: ibi tí ẹ dúró sí, aago, ìhà tó ti wá àti ìhà tó lọ, bóyá ó dún. Ẹni tó rí i láti Kétu àti ẹni tó rí i láti Sábẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tó gbà.

Èyí tí kò béèrè pé kí ẹ jáde síta rárá ni Zooniverse, ìkànnì tí èèyàn lásán ti ń ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́. Láti 2007 ni Galaxy Zoo, tó wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ti ń fi àwòrán àwọn agbo ìràwọ̀ jíjìn han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, láti sọ bí wọ́n ṣe rí: ṣé ó rí rubutu, ṣé ó ní apá tó ká? Ojú èèyàn ni wọ́n ń wá, wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ní ọdún náà gan-an, Hanny van Arkel, olùkọ́ ilé ìwé kan ní Netherlands, rí nǹkan kan tó dà bí àbàwọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, ó sì béèrè ohun tó jẹ́. Kò sí onímọ̀ kankan tó lè dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ni, tí ìmọ́lẹ̀ láti inú agbo ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ mú kó máa tàn. Hanny's Voorwerp ni wọ́n ń pè é títí dòní, àwọn tó ń darí Hubble, awò ńlá tó ń yí ayé po lókè, sì yí i sí ibẹ̀ láti ya á.